Onígbádígí inú Òkun: Iṣẹ́ Rẹ̀ nínú Ìpèsè Oúnjẹ àti Àyípo Kábọ́ọ̀nù

1. Ìfáárà

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà nínú òkun, nínú ọ̀sà àti nínú odò, tí ojú lásán kò lè rí, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn láyé kò kéré sí ti gbogbo igbó kìjikìji ilẹ̀ olóoru lápapọ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Òyìnbó fún wọn ni àwọn olùkọ́ wa máa ń pè ní dáyátọ́ọ̀mù. Ète àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ méjì. Èkíní ni láti ṣe àlàyé ipa tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí wọ̀nyí ń kó nínú pípèsè oúnjẹ fún ẹ̀dá inú òkun, àti nínú lílọ-bíbọ̀ kábọ́ọ̀nù láàrin òfuurufú, omi àti ilẹ̀. Èkejì ni láti dábàá orúkọ fún wọn ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwọn èdè-ìperí mìíràn tí ẹni tí yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣaláìní.

A kò ya ète méjèèjì nípá. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí mu ju bí a ti lè rò lọ. Ilé tí ohun ẹlẹ́mìí yìí kọ́ fún ara rẹ̀ ni ó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òkun. Nítorí náà, ilé yẹn gan-an ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ti jáde.

2. Àléébù àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń lò ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ohun tí a gé sí méjì", nítorí pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó yóò rí i pé ara rẹ̀ pín sí ìlàjì méjì. Orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù ti wá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn takora, nítorí pé "ohun tí a kò lè gé" ni átọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì kò ní í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ọ ńkọ́? Bí a bá kọ dáyátọ́ọ̀mù sí ojú pátákó fún ọmọ tí ó ti kọ́ nípa átọ́ọ̀mù nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, kí ni yóò rò bí kò ṣe pé irú átọ́ọ̀mù kan ni? Yíyá ọ̀rọ̀ lò kò burú. A ti yá sílíkà àti kábọ́ọ̀nù, a ó sì lò wọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí láìjanpata. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí ó bá ń tọ́ka akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi tí kò yẹ burú ju àìní ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀nà mìíràn tí olùkọ́ lè fẹ́ gbà ni láti pè é ní ewéko inú omi. Èyí náà ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, Yorùbá ti mọ ewéko inú omi tipẹ́. Ojúoró àti òṣíbàtà ni ọkàn olúkúlùkù yóò lọ sí, àwọn méjèèjì sì ní ewé àti gbòǹgbò tí a lè fọwọ́ kàn. Ìkejì, ohun ẹlẹ́mìí tí à ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ìran ewéko. Ìwádìí fi hàn pé ní àtijọ́ tí ó jìnnà gan-an, àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé ohun ẹlẹ́mìí aláwọ̀ pupa kan mì, wọn kò sì dà á nínú, bí kò ṣe pé ó di ilé ìdáná fún wọn títí di òní. Ìdí nìyí tí àwọ̀ wọn kì í fi í ṣe àwọ̀ ewé gan-an, bí kò ṣe rẹ́súrẹ́sú bí wúrà tí ó dọ̀tí. Nígbà tí a sì ka gbogbo àkọsílẹ̀ àjogúnbá irú wọn kan, Thalassiosira pseudonana, ní ọdún 2004, a bá ọ̀nà ìyípo yúríà nínú rẹ̀, èyí tí a ti ń rò pé ẹranko ni ó ni ín. Orúkọ tí ó bá fi ìran ewéko lé wọn lórí yóò ṣi ni lọ́nà.

3. Ilé tí a wò: ìrísí àti ìbísí

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí ó kéré jù kò ju ìdá 2 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Èyí tí ó tóbi jù lè tó mìlímítà 2. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Àwọn kan ń dá gbé, àwọn mìíràn a so mọ́ ara wọn gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn.

Sílíkà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé wọn. Sílíkà ni ògidì ohun tí ó wà nínú yanrìn, òun náà sì ni a ń yọ́ láti fi ṣe dígí. Bí òjò ti ń fọ òkúta lórí ilẹ̀, sílíkà díẹ̀ a yòrò sínú omi, odò a sì gbé e lọ sínú òkun. Sílíkà yíyòrò yìí ni ohun ẹlẹ́mìí náà ń fà mu, tí ó sì ń sọ di dígí padà yí ara rẹ̀ ká. Ilé dígí náà kún fún ihò wínníwínní tí a tò léseese, kí oúnjẹ lè máa wọlé, kí èérí sì lè máa jáde.

Ọ̀nà tí a gbà kọ́ ilé yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Apá méjì ni. Apá kan tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ, ó sì dé e lórí gẹ́lẹ́ bí ọmọrí ti ń dé igbá. Nínú irú kan, igbá náà rí róbótó. Nínú irú kejì, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá tó àkókò láti bí, ọmọrí àti igbá a ya ara wọn. Ọmọ kan a mú ọmọrí, èkejì a mú igbá. Olúkúlùkù a wá mọ igbá tuntun sí abẹ́ èyí tí ó jogún, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó jẹ́ igbá fún ìyá ti di ọmọrí fún ọmọ kejì. Nítorí èyí, ìlà kan nínú ọmọ wọn ń kéré sí i láti ìran dé ìran. Bí kíkéré náà bá dé ìwọ̀n kan, akọ àti abo a pàdé, wọn a bọ́ ilé àtijọ́ sílẹ̀, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé tí ó tóbi bíi ti àkọ́kọ́.

Ìdí tí a fi dábàá onígbádígí nìyí, èyíinì ni ohun tí ó ni igbá tí a fi dígí ṣe. Apá òkè ilé rẹ̀ ni ọmọrí, apá ìsàlẹ̀ ni igbá. Láti ibi yìí lọ, orúkọ yìí ni a ó máa lò.

4. Ìpèsè-ìpìlẹ̀ nínú òkun

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ń jẹun, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ. Àwọn tí ń se é ni àwọn tí ó lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ṣe ṣúgà àti àwọn èròjà ara mìíràn. Iṣẹ́ yìí ni a pè ní ìfoòrùn-ṣoúnjẹ. Àpapọ̀ oúnjẹ tí a bá ti ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe níbì kan láàrin àkókò kan ni ìpèsè-ìpìlẹ̀ ibẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìjẹ àti ìmu gbogbo ẹ̀dá yòókù dúró lé.

Nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù 105 ni a ń sọ di oúnjẹ báyìí lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, òkun sì ni ó ń pèsè ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì rẹ̀. Nínú ti òkun, ipa ti onígbádígí tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé bí a bá pín ìpèsè-ìpìlẹ̀ gbogbo ayé sí ọ̀nà márùn-ún, onígbádígí nìkan ni ó ni ọ̀kan. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo aléfòó tí ń se oúnjẹ nínú òkun sórí ìwọ̀n, wọn kò tó ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n igi àti koríko orí ilẹ̀. Báwo ni ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìrókò ń kó èrè iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú igi ara rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n onígbádígí kò ní àká. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó lè ti di méjì. Bí ó bá sì ti di méjì, ẹnu ti ṣí sílẹ̀ dè é.

Bí àgbàdo kò ti lè hù dáadáa láìsí ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni onígbádígí kò lè gbèrú láìsí ajílẹ̀ inú omi. Ní 1934 ni Alfred Redfield, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kíyè sí i pé ìwọ̀n kan pàtó wà láàrin àwọn èròjà inú ara aléfòó. Ní 1985, Mark Brzezinski fi ìwọ̀n sílíkà ti onígbádígí kún un. Bí a bá ka átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 106 nínú ara onígbádígí, a ó bá náítírójìn 16, sílíkọ́ọ̀nù tí í ṣe ìyá sílíkà 15, àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá tán, iṣẹ́ dúró, bí ìyókù tilẹ̀ kún inú omi bámúbámú. Ó tún ń fẹ́ irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba bín-ń-tín ni.

Ìsàlẹ̀ òkun ni àwọn ajílẹ̀ wọ̀nyí pọ̀ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ibi tí atẹ́gùn àti ìṣàn omi bá ti fà wọ́n wá sí òkè ni a ti ń rí ìgbèrú. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire lọ́dọọdún, pàápàá láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi tútù bá ru sókè. Onígbádígí a gbèrú, ẹran-omi wínníwínní a jẹ wọ́n, àwọn ẹja ìran ṣáwá a sì tẹ̀ lé e ní agbo ńlá. Apẹja tí ó ń da àwọ̀n ní àsìkò náà lè má gbọ́ orúkọ onígbádígí rí, ṣùgbọ́n òun ni ó kó ẹja náà jọ fún un.

5. Ìrìsísàlẹ̀ kábọ́ọ̀nù

Kábọ́ọ̀nù kì í dúró lójú kan. Ó ń bẹ nínú òfuurufú, ó ń wọ inú omi, ó ń di ara ohun ẹlẹ́mìí, ó sì ń padà. Èyí ni àyípo kábọ́ọ̀nù. Nínú òkun, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà yípo, ọ̀nà kúkúrú àti ọ̀nà gígùn. Ní ọ̀nà kúkúrú, ẹran-omi á jẹ aléfòó ní òkè omi, á sì mí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ síta láàrin ọjọ́ díẹ̀, kí ó tún padà sínú afẹ́fẹ́. Púpọ̀ jù lọ nínú ìpèsè-ìpìlẹ̀ ni ó ń gba ibí yìí. Irú rẹ̀ kò dín nǹkan kan kù nínú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ayé.

Ọ̀nà gígùn ni èyí tí ó já sí nǹkan. Bí onígbádígí bá kú, tàbí tí ajílẹ̀ bá tán mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn a di ẹ̀gbọ̀n-ẹ̀gbọ̀n, wọn a sì máa rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran-omi tí ó jẹ wọ́n náà a máa bá wọn lọ. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù 10 ni ó ń ti ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé rì lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á jẹrà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kọjá 1,000 mítà kí ó tó jẹrà ti bọ́ sínú omi tí kò ní í fojú kan oòrùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èyí tí ó dé ilẹ̀ òkun tí ó sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ títí láé kò tó ẹyọ kan nínú 100, síbẹ̀ òun ni ó ń kúrò nínú àyípo fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún.

Níhìn-ín ni ilé dígí ti hàn. Sílíkà wúwo tó ìlọ́po méjì omi. Bí a bá ju igbá òfìfo sínú odò, yóò léfòó; bí a bá so òkúta mọ́ ọn, yóò rì. Onígbádígí ti so òkúta tirẹ̀ mọ́ ara láti ìgbà tí a ti bí i. Ilé tí ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹnu àwọn ẹran-omi kéékèèké ni yóò fà á lọ sí ìsàlẹ̀, tòun ti kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, nígbà tí agbára rẹ̀ bá pin.

Kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde láyé, nǹkan bí ìdá 280 ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́. Lónìí ó ti ju 420 lọ, ayé sì ń gbóná sí i. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú òkun ju ìlọ́po 40 èyí tí ó wà nínú òfuurufú lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá yí ìrìsísàlẹ̀ padà, ìbáà ṣe díẹ̀, yóò kan gbogbo ayé.

6. Ẹ̀rí láti Òkun Gúúsù

Òkun tí ó yí Àǹtátíìkà ká ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, síbẹ̀ aléfòó kò pọ̀ níbẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ní 1990, John Martin ará Amẹ́ríkà gbé èrò kan jáde pé irin ni ó wọ́n níbẹ̀, àti pé bí irin bá pọ̀ sí i, aléfòó yóò gbèrú, yóò sì fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sínú òkun. Martin kú ní 1993, oṣù díẹ̀ kí a tó kọ́kọ́ dán èrò rẹ̀ wò lójú agbami. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn kan ti ń sọ pé kí a da irin sínú òkun láti wo ayé gbígbóná sàn.

Ìdánwò méjì ni a ó fi wéra. Ní 2004, àwọn onímọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ Polarstern ti ilẹ̀ Jámánì da irin tí ó ti yòrò sínú omi tí ń yípo lójú kan nínú Òkun Gúúsù. Sílíkà pọ̀ nínú omi náà. Onígbádígí gbèrú lọ́nà ìyanu. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó kéré tán ìlàjì wọn sì rì kọjá 1,000 mítà. Ní 2009, ọkọ̀ kan náà tún lọ, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà àti ti Jámánì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n da irin sí ojú omi tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 300 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ní ibi tí sílíkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Aléfòó gbèrú níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní ilé dígí ni. Ẹran-omi jẹ wọ́n, kábọ́ọ̀nù díẹ̀ kín-ń-kín ni ó sì rì.

Irin kan náà, ọkọ̀ kan náà, èsì tí kò bára mu. Ohun tí ó yà wọ́n kò ju sílíkà lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí wíwà tàbí àìsí onígbádígí. Ẹni tí ó bá ń pe gbogbo wọn ní ewéko òkun kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, yóò sì rò pé bí omi bá ti yí àwọ̀ padà, iṣẹ́ ti parí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn London lórí dída nǹkan sínú òkun ti fẹnu kò ní 2008 pé, yàtọ̀ sí ti ìwádìí, a kò gbọdọ̀ da ajílẹ̀ sínú òkun lọ́nà báyìí.

7. Onígbádígí inú ọyẹ́

Irin tí àwọn onímọ̀ fi ọkọ̀ gbé lọ, atẹ́gùn ti ń gbé e lọ sínú òkun láti ayébáyé, ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ sì gba orí ilé wa. Ní apá àríwá ilẹ̀ Ṣáàdì, láàrin òkè Tibesti àti òkè Ennedi, kòtò kan wà tí a ń pè ní Bodélé. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, abẹ́ adágún ńlá ni ó wà, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 350,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, tí Adágún Ṣáàdì òde òní jẹ́ ìyókù rẹ̀. Onígbádígí gbé inú rẹ̀, wọ́n kú, ilé wọn sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun. Nígbà tí adágún gbẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà bọ́ síta, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ewé funfun, tí ètè gbẹ, ilé onígbádígí wà nínú eruku tí a ń nù kúrò lórí àga.

Kò dúró lọ́dọ̀ wa. Ní 1832, Charles Darwin bu irú eruku ilẹ̀ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ ní erékùṣù Cape Verde. Ehrenberg, ará Jámánì, yẹ irú eruku bẹ́ẹ̀ tí Darwin fi ránṣẹ́ sí i wò, ó sì ka oríṣi ohun abẹ̀mí 67 nínú rẹ̀, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ti omi tí kò níyọ̀. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì lónìí, a ń bá ilé Aulacoseira, onígbádígí inú adágún, èyí tí atẹ́gùn gbé dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ sì ń fi í mọ ìgbà tí ọ̀dá dá ní Áfíríkà. Ìran Aulacoseira yìí kan náà ni ó ń gbé inú ọ̀sà Èkó nígbà tí òjò bá sọ omi rẹ̀ di aláìníyọ̀. Eruku náà ń gbé irin dání. Báyìí ni òkú onígbádígí adágún ṣe ń di ajílẹ̀ fún alààyè onígbádígí òkun.

8. Àwọn èdè-ìperí tí a dábàá

Onígbádígí: ohun ẹlẹ́mìí oní-sẹ́ẹ̀lì-kan tí ń fi sílíkà kọ́ ilé alápá méjì. Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí ń ta igbá ni onígbá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onílé kì í ṣe ẹni tí ń ta ilé. Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò máa ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí ń pe dígí ní jígí tàbí díńgí lè máa pè é bẹ́ẹ̀. Dígí ni kí a máa kọ.

Aléfòó: ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí ìṣàn omi ń gbé kiri, yálà ó ń se oúnjẹ tàbí kò se é.

Ìfoòrùn-ṣoúnjẹ àti ìpèsè-ìpìlẹ̀: a ti túmọ̀ wọn ní ìpín 4. Kí a má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Iṣẹ́ ni èkíní, iye ohun tí iṣẹ́ náà mú wá ni èkejì.

Ìrìsísàlẹ̀: bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń ti òkè òkun lọ sí ìsàlẹ̀ nínú òkú àti ìgbẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn Òyìnbó fi í wé ẹ̀rọ ìfami. Ẹ̀rọ ìfami tí a mọ̀ nílẹ̀ wa ń fa omi kànga wá sókè ni, bẹ́ẹ̀ sì ni sísàlẹ̀ ni èyí ń lọ. A kò gba àfiwé náà.

Ẹ̀gbọ̀n òkun: ohun tí ó lẹ̀ mọ́ra, tí ń rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Yìnyín wẹ́wẹ́ tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run ni àwọn Òyìnbó fi í wé. Ọmọ tí kò rí irú rẹ̀ rí kò ní í rí nǹkan kan nínú àfiwé náà, ṣùgbọ́n ó mọ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ti ń fò, tí ó sì ń balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: a fẹ̀ ẹ́ láti orí ohun tí ó sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò dé orí ohun tí ó sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ adágún àti òkun.

9. Ìkádìí

Ohun tí a ti fi hàn ni pé onígbádígí ni olórí nínú àwọn tí ń se oúnjẹ inú òkun, àti pé ilé dígí rẹ̀ ni ó fi yàtọ̀ nínú ìrìsísàlẹ̀ kábọ́ọ̀nù. Ìdánwò 2004 àti ti 2009 ni ẹlẹ́rìí. Bí olùkọ́ bá lo orúkọ tí a dábàá yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gbọ́ igbá, yóò ti gbọ́ dígí, kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù fún un láti bi ni ohun tí igbá dígí ń ṣe nínú òkun. Ìbéèrè yẹn sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá, kí a gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo ilé ná.